Ègbè Ni Iṣẹ́ Ọmọdé: Alẹ́ Méjì ní Odò-Àpé

Ẹni tó bá ti Ìkàrẹ́ dojú kọ ilẹ̀ Òkun yóò rí i pé kí òun tó dé Kàbà ni ojú ilẹ̀ ti ń yí padà. Òkè olókùúta a yọ lójijì láàrin igbó, oko iṣu a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá títì, a sì lọ títí yóò fi kan ẹsẹ̀ òkè. Ọ̀nà yìí ni mo gbà láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ Àjíǹde tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta ń bọ̀ láti Àbújá ní tiwọn. Wọ́n gba Lọ́kọ́ja kọjá, wọ́n dé Ọbajànà níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá nì wà, wọ́n sì bọ́ sórí títì oníkọnkéré tó lọ láti Ọbajànà sí Kàbà, kìlómítà 43 gbáko. Odò-Àpé ni gbogbo wa ń lọ, ní ilẹ̀ Bùnú, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá wa sí. Ibẹ̀ náà ni ìyá tó bí ìyá wa ṣì ń gbé; ó ń súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa máńgòrò nílẹ̀ ní àràárọ̀.

Ọdún mẹ́rin ni àwọn ọmọ wọ̀nyí kò fi fojú kan ilé. Kì í ṣe pé àwọn òbí wọn kọ ilé sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn mọ ohun tí ojú àwọn ará Òkun ti rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, lójú ọ̀nà àti nínú oko, àìmọye ìdílé ló sì ti sọ fóònù di ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n fóònù kì í gbé òórùn ilé, kì í sì í gbé orin dáadáa. Lọ́dún yìí Màmá àgbà sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún ẹ̀gbọ́n mi: "Kó àwọn ọmọ náà wá, kí n rí wọn nígbà tí ojú ṣì ń ríran." Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí yóò jókòó? A fi ojúmọmọ rìn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa lójú ọ̀nà.

Bí àwọn ọmọ ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Màmá na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. "Òkun o," ni ó wí. Èyí ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, tí ó jẹ́ ti àárín, wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó yíjú sí mi. "Àǹtí, òkun wo?" Ẹ̀rín pa wá. Mo ṣàlàyé fún un pé ìkíni ni, àti pé láti ara ìkíni yìí ni wọ́n ti fún gbogbo àwọn ará ibẹ̀ lórúkọ: Owé tó ni Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, àwọn ọmọ Yorùbá ìhà àríwá ìlà-oòrùn tí ẹ̀ka èdè wọn bára tan. Ó mi orí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ṣì ń retí omi.

Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a ṣe eré orin nínú agbo ilé. Mo ti ka èdè Yorùbá ní yunifásítì, mo sì gbà pé bí àwọn ọmọ tó dàgbà sí Àbújá bá jókòó ní alẹ́ kan péré síwájú àwọn àgbà méjì tí mo ní lọ́kàn, etí wọn yóò là. Àgbà kìíní ni Màmá, tó mọ orin àlọ́ ilẹ̀ Bùnú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àgbà kejì ni ẹ̀gbọ́n ìyá wa ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Onígìtá.

Ọmọ ọdún 18 ni Bàbá Onígìtá nígbà tó lọ ṣiṣẹ́ akọ̀wé l'Ékòó ní 1973. Bí ẹ bá bi í, yóò ní kò sí ọdún tó dà bí ọdún yẹn. Ogun abẹ́lé ti parí ní 1970, àwọn ọ̀dọ́ sì ti gbé gìtá oníná kọ́ èjìká. Ẹgbẹ́ BLO, tí wọ́n fa orúkọ rẹ̀ yọ lára Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, gbé àwo Chapter One jáde lọ́dún náà. Lọ́dún kan náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's College, tí wọ́n pe ara wọn ní Ofege, ṣe Try and Love. Ọmọ ilé-ìwé o! Paul McCartney alára, ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, wá sí Èkó lọ́dún yẹn láti gba ohùn sílẹ̀ fún Band on the Run. Láàrin gbogbo ariwo yìí ni ọmọ Odò-Àpé kan fi owó oṣù rẹ̀ ra gìtá, ó dá irun sí, ó sì gbé e wálé lọ́dún Kérésì.

Bàbá wa àgbà, tó ti di olóògbé báyìí, sọ fún un pé kò sí alágbe nínú ìran òun. Gìtá náà kò wọ pálọ̀. Màmá kò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló sì wọ Bàbá Onígìtá lára ju ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lọ. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó fi jẹ́ pé yàrá rẹ̀ tàbí abà oko nìkan ló ti ń ta gìtá nílé. Ó fẹ̀yìn tì, ó kó rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ wálé, kò sí ẹni tó bá a jà mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó gbé e jáde. Mo mọ ìtàn yìí nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Wọn ò ní fẹ́ ẹ." Mo ní kí ó fi sílẹ̀ fún mi.

Ọdún Àjíǹde kì í jìnnà sí òṣùpá àrànmọ́jú, nítorí ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé òṣùpá yẹn ni wọ́n fi í ṣe. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò. Kò sí iná ọba, a kò sì wá a. Bàbá Onígìtá ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ti lọ̀. Giramafóònù rẹ̀ ti kú tipẹ́, nítorí náà ó ti da àwọn orin náà sínú sípíkà kékeré kan; ṣùgbọ́n ó kó páálí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde, ó tò wọ́n sórí ẹní bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ ti Èkó, ó sọ orúkọ ẹni tó ta gìtá àti ẹni tó lu ìlù, ó sọ bí wọ́n ṣe ń tò sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ dùn mọ́ èmi. Àwọn ọmọ wo ẹnu rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà àbíkẹ́yìn, ọmọdébìnrin ọlọ́dún 5, bẹ̀rẹ̀ sí í tu koríko tó wà lẹ́bàá ẹní. Orin kìíní kò tí ì dé ìdajì tí àkọ́bí, ọmọbìnrin ọlọ́dún 11, ti fi íápíìsì sí etí, ó ń gbọ́ orin tirẹ̀ níbi tó ti yẹ kó máa gbọ́ tiwa.

Nígbà tó kan Màmá, ó pa àlọ́ ìjàpá kan. Ibi tí orin dé, ó dá orin, ó sì dúró.

Kò sí ẹni tó gbè é.

Ó tún un dá. Àwọn ọmọ ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ìtìjú. Wọn kò gbọ́ èdè Bùnú, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń dúró dè. Ìyá wọn kì í ṣe ará ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. Èmi tí mo ní ìwé-ẹ̀rí nínú èdè Yorùbá kò mọ ègbè náà. Àkọ́bí wá ronú ohun tó dára lójú rẹ̀, ó gbé fóònù sókè, ó tan iná rẹ̀, ó fẹ́ gba ohùn Màmá sílẹ̀. Iná náà mọ́lẹ̀ kedere sí Màmá lójú. "Èmi náà ti di sinimá," ni Màmá wí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò parí àlọ́ náà. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, olúkúlùkù ti wọlé. Bàbá Onígìtá da aṣọ bo gìtá rẹ̀, kò sì bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ìrántí ikú Olúwa, ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa lọ. Ìgbà tí a dé, mo lọ jókòó sí yàrá Màmá. Igi òfì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òfì ìnàró tí àwọn obìnrin Bùnú fi ń hun aṣọ, ó fara ti ògiri. Aṣọ ni okìkí ilẹ̀ Bùnú. Aṣọ ipò wọn, aṣọ pupa tó jẹ mọ́ ìsìnkú àwọn ènìyàn pàtàkì àti egúngún, wà lára ohun tí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Elisha Renne, kọ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1995, tó pè ní Cloth That Does Not Die. Mo ti ka ìwé náà ní ilé-ìkàwé. Mo wá jókòó síwájú òfì gan-an, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń so òwú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe mọ àlọ́. Mo lè sọ irú tí ó jẹ́, mo lè sọ iṣẹ́ tí orin ń ṣe nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà dá orin lójú mi, n kò lè gbè é.

Mo bi í pé, "Màmá, ta ní ń gbè yín láyé ọjọ́un?"

"Àwọn ọmọ ni," ó ní. "Àgbà kì í lè gbè é pẹ́. Àgbà á ti fẹ́ gba orin lẹ́nu rẹ. Ọmọdé nìkan ni kò ní sú."

"Ta ló sì kọ́ wọn ní ègbè náà?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bèèrè ẹni tó kọ́ ewúrẹ́ ní jíjẹ ewé. "Wọ́n wà níbẹ̀," ni ó wí.

Mo gbé èsì yẹn rìn káàkiri agbo ilé títí ilẹ̀ fi ṣú. A ti fi àwọn ọmọ ṣe òǹwòran, orin tí a sì gbé síwájú wọn kì í ṣe orin òǹwòran. Apàlọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi dá a lóhùn. Bí wọn kò bá dáhùn, kò sí àlọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí níbikíbi láyé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí olóògbé Jimi Solanke, tó kú ní oṣù kejì 2024, ń sọ ìtàn fún àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n wa, orin ni ó fi ń so ìtàn náà pọ̀. L'Amẹ́ríkà, Ella Jenkins ṣe àwo orin àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1957, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ kí n dá, kí ẹ gbè. Ó pé ọmọ ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 2024, wọ́n sì ń pè é ní ìyá orin ọmọdé. Àní Leonard Bernstein, tó kó ẹgbẹ́ olórin ńlá New York jọ fún eré orin àwọn ọ̀dọ́ láti oṣù kìíní 1958, kò kàn jókòó ti àwọn tó ń ta fayolín. Ní 1964, nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to orin ńláńlá, orin Beatles tí àwọn ọmọ náà ti ń kọ nílé wà lára ohun tó fi ṣàlàyé. Ohun tó wà lẹ́nu ọmọ tẹ́lẹ̀ ni ó mú. Àwa mú ohun tó wà lẹ́nu wa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, èyí àárín wọ yàrá Bàbá Onígìtá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Páálí rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ Santana, èyí tó jáde ní 1969, ló fà á. Orí kìnnìún tó la ẹnu ni wọ́n yà síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ọn, ojú ènìyàn ni wọ́n tò pọ̀ di kìnnìún náà. Ọmọ náà ń ka ojú, ó ń ṣì í kà, ó tún ń kà á. Bàbá kò sọ̀rọ̀; òun náà ti kọ́gbọ́n. Ìgbà tí ọmọ náà bèèrè pé orin wo ni kìnnìún yìí ń kọ, ìgbà náà ló tó tẹ sípíkà. "Jingo" ni orúkọ orin tó fi sí i.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orin yìí, nítorí ó yẹ kí òbí Yorùbá tó bá ní ọmọ tó fẹ́ràn gìtá mọ ìtàn rẹ̀. Kì í ṣe Carlos Santana ló ni ín. Babatunde Olatunji ni, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, tí wọ́n bí ní 1927. Ìwé ni Olatunji bá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950, ó lọ sí Morehouse College ní Atlanta, ṣùgbọ́n ìlù ló padà di iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1960 ni àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde, ìlù àti ohùn ènìyàn nìkan, orin wa sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní kíkún, "Jin-Go-Lo-Ba". Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Santana, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí ní Mẹ́síkò, gbé gìtá oníná àti dùùrù lé e lórí. Nínú oṣù kẹjọ 1969 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣeré ní Woodstock, lójú ọgọ́rùn-ún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. N kò fẹ́ dà bí àwọn tó máa ń sọ pé àwa la ni gbogbo nǹkan tó dára láyé. Orin rọ́ọ̀kì ní baba àti ìyá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orin kan yìí, a mọ ilé rẹ̀.

Ohun tó wúlò jù fún wa lára Olatunji kì í tilẹ̀ ṣe àwo náà. Ó máa ń lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé ní New York láti lù fún àwọn ọmọdé, ní 1967 ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìlù àti àṣà sílẹ̀ ní Harlem. Kì í fi ìwé orin kọ́ni. Ẹnu ló fi ń kọ́ wọn: gun ni ohùn ńlá àárín awọ, go-do ni ohùn ẹ̀gbẹ́, pa-ta ni èyí tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá. Ọmọ tó bá ti lè pe gun, go-do, pa-ta, ó ti ń lù ú kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀. Bàbá Onígìtá kọ́ èyí lára ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan l'Ékòó. Kí a tó jẹun ọ̀sán, àbíkẹ́yìn ti gba kéègì omi kan tó ṣófo, ó gùn ún bí ẹṣin, ó ń pariwo gun, go-do, pa-ta sí àwọn adìẹ.

Lọ́sàn-án náà, Màmá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo ní kí àkọ́bí lọ ràn án lọ́wọ́. N kò sọ fún un pé orin ni mo rán an. Wákàtí kan lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n jọ ń kọ ọ́, Màmá ń dá, ó ń gbè. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni ègbè náà. Ó ti kọ ọ́ sínú jọ́tà rẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú ètò lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, kò sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀. Ọwọ́ mi há mi láti tún un kọ. Mo mú ọwọ́ mi kúrò.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn òṣùpá pẹ́ kó tó yọ ju ti Ọjọ́bọ̀ lọ, a kò sì dúró dè é. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìṣíde. Olúkúlùkù ní iṣẹ́: kéègì fún àbíkẹ́yìn, agogo àtijọ́ kan fún èyí àárín, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń pàtẹ́wọ́, àkọ́bí sì ni olórí ègbè, nítorí òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́ gbogbo wa, àti bàbá rẹ̀. Màmá mú apásà, igi pẹlẹbẹ tó fi ń ki òwú mọ́lẹ̀ lórí òfì, ó ń fi í lu ẹnu odó. Láàrin àwọn orin tó mọ̀, ó ti yọ àwọn tó jẹ́ ti egúngún sọ́tọ̀. Ọmọ ìjọ ni, kò sì fẹ́ àríyànjiyàn. Àlọ́ Ọjọ́bọ̀ náà ló tún gbé dìde.

Ó dá orin. Ègbè dáhùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó yí orin náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó padà sínú ìtàn. Ìjàpá dé ọ̀dọ̀ ọba, orin tún dé, a tún gbè é. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, níbi tí orin ti yí padà tí ìjàpá ń bẹ̀bẹ̀, Màmá la ẹnu, kò sí ohùn. Ó gbé apásà sókè, ó dúró. "Ó ti lọ," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti lọ." Lójú mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin kan ṣoṣo ló ń sọ. Kò tún sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tí a lè bi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń pàlọ́ ti kú tán.

Láti inú òkùnkùn níbi tí Bàbá Onígìtá jókòó sí, lẹ́yìn gbogbo wa, ohùn ọkùnrin kan kọ ìlà náà. Ó kọ ọ́ jẹ́jẹ́, ní èdè Bùnú, láìṣì í kọ. Ìka rẹ̀ ń wá ohùn náà kiri lórí gìtá bó ti ń kọ ọ́. Màmá yíjú padà.

"Níbo lo ti mọ ọn?"

"Èmi kọ́ ni mo máa ń gbè yín ni?" ni Bàbá wí. Ọmọ 70 ọdún ń fèsì bí ọmọ ọdún 7. "Èmi ni mo ń jókòó ti ẹsẹ̀ yín."

Màmá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá fi apásà tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ odó. "Gbé gìtá rẹ súnmọ́ ibí," ni ó wí.

Ó gbé e súnmọ́ ọn. Wọ́n parí àlọ́ náà pọ̀, gìtá ń tẹ̀lé ohùn Màmá lẹ́yìn bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí àárín ní kí wọ́n ṣe ti kìnnìún. Bàbá bẹ̀rẹ̀ "Jingo", kéègì wọlé, agogo wọlé níbi tí kò yẹ, ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì níbi tó yẹ, àwa yòókù sì ń gbè. Apásà Màmá kò dúró lórí odó. Nígbà tó parí, ó bèèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé ta ló kó ìlù yìí lọ sí ilẹ̀ òyìnbó. A sọ fún un pé ọmọ Badagry ni. Ó ní ṣé ó dágbére fún ìyá rẹ̀ kó tó lọ? Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Àkọ́bí ti bọ́ íápíìsì láti ìrọ̀lẹ́. N kò mọ ibi tó fi í sí.

Ẹ̀yin òbí lè ní, àwa kò ní Màmá ní Bùnú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orin Jimi Solanke wà, ti Tunji Oyelana wà, Beautiful Nubia sì ṣì ń kọ tirẹ̀ dòní. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ègbè tí ọmọ ọdún 4 lè mú lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ́ ọmọ ní ègbè kí alẹ́ tó lẹ́, níbi tí ẹ bá ti jọ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó pe ohunkóhun ní eré orin. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ìdajì wákàtí ti tó. Bí ẹ bá ní rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, ẹ fún ọmọ ní páálí rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní ìtàn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ilé kan kò gba ariwo bí èkejì, pàápàá ní ìlú ńlá tí ògiri aládùúgbò kò jìnnà. Kéègì ṣeé lù díẹ̀díẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé a palẹ̀ mọ́. Mo wọ pálọ̀ láti dágbére, mo sì rí gìtá náà lórí àga Bàbá wa àgbà, lábẹ́ fọ́tò rẹ̀. N kò bèèrè ẹni tó gbé e síbẹ̀. Níta, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé kò sí àyè fún kéègì nínú búùtù, àbíkẹ́yìn sì ti dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kéègì ló borí. Màmá kí gbogbo wa ní "Òkun", èyí àárín sì dá a lóhùn kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ̀ ọ́n.

Mo ti kọjá Ìkàrẹ́ kí fóònù mi tó dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, wọ́n ti dé Lọ́kọ́ja láyọ̀. Ó ní wọ́n ti ń lu kéègì láti Odò-Àpé, etí òun ti di, ìyàwó òun náà sì ti ń gbè. Ó wá ní àkọ́bí fẹ́ kí n bá òun bi Màmá léèrè, nítorí ó ti kọ ọ́ lọ́nà méjì nínú jọ́tà rẹ̀, kò sì mọ èyí tó tọ̀nà: kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kẹta inú ègbè náà?